Irinṣẹ́ Tí Bọ̀dá Kọ

"Gbogbo wọn ló ní aago mẹ́sàn-án!" Ohùn dókítà eyín le lórí fóònù débi pé Àǹtí ní láti gbé e jìnnà sétí. "Ṣé ẹ gbọ́ mi? Gbogbo aláìsàn tó yẹ kó wá lónìí, àti ti àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́, aago mẹ́sàn-án ni ètò yín fún wọn. Wọ́n ti kún ọ̀ọ̀dẹ̀ mi báyìí, oníkálukú di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Bàbá kan ti ń bá ìyá àgbàlagbà jà nítorí àga!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, ẹ má bínú. A ti dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀."

"Ẹ ti dá ètò padà, àwọn èèyàn yìí ò tíì padà sílé o! Ẹ̀ẹ̀kejì rèé. Tó bá di àárọ̀ ọ̀la, kí ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe fún mi tí irú èyí ò fi ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá wá ẹlòmíì tó máa bá mi ṣe é."

Ó pa fóònù. Àǹtí rọra gbé tirẹ̀ kalẹ̀, ó sì yíjú sí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

Àǹtí kọ́ ni ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é ní orúkọ mìíràn ní ọ́fíìsì yìí. Òun ló ń darí àwọn tó ń kọ ètò orí kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, ló dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀, Bọ̀dá sì ni tèwe-tàgbà ń pè é. Bọ̀dá ti fa iṣẹ́ lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ó yẹ kó ti wà nílé, àmọ́ ojoojúmọ́ ló ṣì ń wá jókòó sí yàrá ẹ̀yìn, nítorí irinṣẹ́ kan tó jẹ́ pé òun nìkan ló mọ inú rẹ̀.

"Ta ló rán iṣẹ́ jáde láàárọ̀ yìí?" Àǹtí bèèrè.

Agùntáṣọọ́lò dìde. Gíga rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn; bó bá dìde láìwòkè, apá fáànù á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a lórí. "Èmi ni, mà. Àmọ́ mo ké síta. Ẹ bi gbogbo èèyàn. Mo ní, 'Mo ń rán an o!' wọ́n sì dá mi lóhùn."

"Òótọ́ ni," àwọn tó kù ní. "A dáhùn."

Ẹni tí kò bá mọ iléeṣẹ́ yìí lè rò pé orí wọn dàrú. Kò dàrú. Bí wọ́n bá kọ ètò tán, iṣẹ́ ṣì kù: wọ́n á kó fáìlì jọ, wọ́n á dán an wò bóyá ó ṣiṣẹ́, wọ́n á ká ti àtijọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà oníbàárà, wọ́n á gbé tuntun sí i. Bí èèyàn bá ń fọwọ́ tẹ àwọn àṣẹ yìí lọ́kọ̀ọ̀kan sójú fèrèsé dúdú inú kọ̀ǹpútà, bó pẹ́ bó yá á gbàgbé ọ̀kan. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ yìí fi máa ń ní irinṣẹ́ kan tó ń bá wọn to àṣẹ tẹ̀lé ara wọn. Ìwọ á pè é lẹ́ẹ̀kan, òun á ṣe ìyókù. Tiwọn níbí, Bọ̀dá ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, ó sì sọ ọ́ ní Ìránṣẹ́.

Ìránṣẹ́ gbọ́ràn, àní ó gbọ́ràn jù. Bí èèyàn méjì bá rán an níṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní kọ̀ fún ẹnì kankan. Á po iṣẹ́ àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́ra ni. Nítorí èyí, ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ké síta pé, "Mo ń rán an o!" Gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá á gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á sì dáhùn pé, "Rán an!" Ohùn èèyàn ni àgádágodo Ìránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bèèrè ìdí.

Ẹnì kan ló kù tí wọn ò tíì bi. Ìyàwó ni wọ́n ń pè é, obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, tó ń ti ilé ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti kó lọ sí òdìkejì ìlú. Àǹtí pè é, ó sì yí ohùn fóònù sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Èmi náà rán nǹkan kékeré kan láàárọ̀, Àǹtí," Ìyàwó ní. "Àmọ́ mo tẹ̀lé òfin o. Mo ké síta."

"Níbo lo ti ké síta?"

"Nínú yàrá wa."

"Ta ló dá ọ lóhùn?"

"Ọkọ mi ni. Ó ń wẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, 'Rán an!'"

Ẹ̀rín bú jáde nínú yàrá. Agùntáṣọọ́lò fi tábìlì gbé ara rẹ̀ dúró. Àǹtí náà ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀rín, àmọ́ ẹ̀rín ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Ṣé kò yẹ kó dáhùn ni?" Ìyàwó ń bèèrè lórí fóònù. "Èmi ni mo kọ́ ọ kó máa dáhùn o!"

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Agùntáṣọọ́lò nu ojú. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ nínú èmi àti Ìyàwó. Àwa méjèèjì pa òfin mọ́, nǹkan sì tún bàjẹ́. Ọjọ́ tí gbogbo yín wà nínú yàrá kan ni òfin yẹn wúlò. A ò sí nínú yàrá kan mọ́. Ẹ jẹ́ ká yan irinṣẹ́ mìíì."

"Èwo ni ká yàn?"

Ó ti múra sílẹ̀, ó hàn. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sáàárín wọn. "Eléyìí tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, òun làgbà. Kò sí kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ máa dé tẹ́ ẹ ò ní bá a níbẹ̀. Àmọ́ onínúfùfù ni. Tẹ́ ẹ bá fi àlàfo lásán síbi tó fẹ́ kẹ́ ẹ ti tẹ bọ́tìnnì kan pàtó tó yàn láàyò, kò ní ṣiṣẹ́, kò sì ní sọ ohun tó ń bí i nínú."

"Bíi bàbá ìyàwó mi," ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn.

"Èyí tún wà, ó lágbára gan-an. Ṣùgbọ́n a ní láti kọ́ èdè míì ká tó lè bá a sọ̀rọ̀."

"Èyí tí mo gbọ́ ti tó mi," ẹni yẹn tún ní.

Agùntáṣọọ́lò ṣí èyí tó kù. "Eléyìí lọkàn mi fà sí. Fáìlì kan ṣoṣo. A máa kọ orúkọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, a máa kọ ohun tó gbọ́dọ̀ ṣáájú ẹ̀, ó parí. Ẹni tó dé lónìí á kà á, á yé e. Òun fúnra ẹ̀ ló ń tilẹ̀kùn, Àǹtí. Tí mo bá ń rán iṣẹ́ lọ́wọ́, tí Ìyàwó náà bá fẹ́ rán tiẹ̀, á ní kó dúró. Kò sídìí fún ariwo mọ́."

Kò sẹ́ni tó dárúkọ Bọ̀dá, ṣùgbọ́n ojú gbogbo wọn yí sí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn. Àǹtí mọ̀ pé òótọ́ lọmọkùnrin náà sọ. Láti ìgbà àkọ́kọ́ tí nǹkan ti bàjẹ́ ló ti mọ̀. Oníbàárà lè lọ, oníbàárà mìíràn á dé. Ìyẹn kọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni bí òun yóò ṣe wo ojú ẹ̀gbọ́n òun, kí òun sì sọ fún un pé àwọn ò fẹ́ Ìránṣẹ́ mọ́. Nítorí òun gan-an ni Bọ̀dá ṣe kọ ọ́.

"Ẹ fún mi di ọ̀sán," ó ní, ó sì bọ́ síta lọ gba atẹ́gùn.

Ìgbà ò lọ bí òréré. Nígbà tí Àǹtí ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ tí kò ríṣẹ́, pálọ̀ ìyá wọn ni Bọ̀dá ti ń ṣiṣẹ́, lórí tábìlì tí bàbá wọn fi sílẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú tí wọ́n fi páálí tì í. "Wá jókòó tì mí," ni Bọ̀dá wí fún un, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ètò ilé oògùn kan ni wọ́n kọ́kọ́ gbé lé Àǹtí lọ́wọ́. Ó kọ ọ́ dáadáa, ó rán an lọ, ó gbàgbé láti dán an wò. Ilé oògùn náà ò lè ta ohunkóhun títí ilẹ̀ fi ṣú. Àǹtí lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó bọ́ sáàárín aṣọ tí wọ́n sá, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Bọ̀dá ò bá a wí. Òjò rọ̀ ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, kò jáde, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó kàn ń tẹ kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀, ó fà á lọ́wọ́. "Kékeré, tẹ orúkọ yìí." Àǹtí tẹ ìránṣẹ́. Àwọn ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lójú fèrèsé dúdú náà: ó kó fáìlì jọ, ó dán an wò, ó gbé e lọ. Níkẹyìn ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Mo ti jíṣẹ́, Kékeré."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò níbẹ̀ títí di òní. Ẹni yòówù tó bá lò ó, Kékeré ló ń pè é. Lọ́sẹ̀ tí Agùntáṣọọ́lò dé, ó rò pé wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Láyé pálọ̀ yẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìkésíta, àwọn méjèèjì àti ọ̀rẹ́ Bọ̀dá kan. Ìyá wọn, tí kò mọ ìyàtọ̀ kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n, a máa ti ilé ìdáná dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó lanu: "Rán an!" Lọ́jọ́ kan ó yọjú sí wọn. "Ibo gan-an lẹ máa ń rán an lọ?"

"Sílé oògùn ni, Màámi," Bọ̀dá ní.

"Ṣé ẹ ń rán nǹkan lọ sílé oògùn lójoojúmọ́, tẹ́ ẹ ò lè bá mi gba oògùn ẹsẹ̀ bọ̀?"

Ìyá ti lọ báyìí. Àwọn mìíràn ló ń gbé ilé náà. Ẹ̀ẹ̀kan ni Àǹtí kọjá níwájú rẹ̀ láìpẹ́ yìí, ó rí i pé wọ́n ti kun pálọ̀ ní àwọ̀ mìíràn, ó sì yára rìn kọjá. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí ẹnì kan bá ké "Mo ń rán an o!" nínú ọ́fíìsì, ṣe ló máa ń dà bíi pé ohùn kan ń bọ̀ láti ilé ìdáná. Àárò ìgbà yẹn ń sọ ọ́ gan-an. Inú rẹ̀ ò tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, kò sì rò pé yóò tún dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nígbà tó wọ yàrá ẹ̀yìn, Bọ̀dá gbé awò ojú sí iwájú orí, ó ń wá a lórí tábìlì. Lóde fèrèsé, àwọn káfíńtà ń kan pákó.

"Iwájú orí yín ló wà, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣé o rí i? Orí ló ń gbé e." Ó fà á wálẹ̀. "Mo gbọ́ ẹ̀rín yín. Ògiri yìí ò nípọn. Ọkọ Ìyàwó ní kó rán an!" Òun náà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Ohun tí Àǹtí bá wá ò jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìwà ojo ló mú un gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀. "Ṣé ẹ lè fi àgádágodo sí Ìránṣẹ́? Kó má gba èèyàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Kí ló dé tí mi ò ní lè fi sí i? Fa àga yẹn, jókòó."

Ó ṣí fáìlì Ìránṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí Àǹtí ti rí inú rẹ̀; ó kàn ń lò ó ni. Fáìlì náà gùn, kò fẹ́ẹ́ tán. Ibi gbogbo ni Bọ̀dá ti lẹ̀ ẹ́, tó sì kọ ọ̀rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ẹ má fọwọ́ kan èyí, mo máa padà wá síbí, mi ò mọ ìdí tí èyí fi ń ṣiṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Bọ̀dá ń yí i sókè, ó ń yí i sísàlẹ̀. Ó dúró níbì kan, ó sún mọ́ ọn.

"Ta ló kọ ìranù yìí?"

"Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Èmi kẹ̀?" Ó tún un kà. "Èmi náà ni. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Wo àkísà mi lóòrùn."

Ó fi àgádágodo síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán an wò, Ìránṣẹ́ tilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, kò sì jáde mọ́. Bọ̀dá yọ ọ́, ó gbé e sí ibòmíràn; ilẹ̀kùn ṣí, àmọ́ apá tó ń dán ètò wò kú. Ó tún èyí ṣe, ìyẹn bàjẹ́. Àwọn káfíńtà dáwọ́ dúró, wọ́n lọ jẹun. Bọ̀dá ń fọwọ́ ra ọrùn lójú kan náà, bó ṣe máa ń ṣe láti bí ọdún mélòó kan, kò sì mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àǹtí wo ẹ̀yìn ọrùn náà. Irun ibẹ̀ ti funfun tán. Ìgbà wo ló funfun?

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀."

"Mo ti fẹ́ rí i. Ó ku díẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ àgádágodo kọ́ ni mò ń sọ. Ìránṣẹ́ ni. Ẹ jẹ́ ká yan irinṣẹ́ míì."

Ó ti sọ ọ́. Ó wolẹ̀, nítorí kò fẹ́ rí bí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò ṣe rẹ̀wẹ̀sì. Ọwọ́ Bọ̀dá kúrò lórí kọ̀ǹpútà.

"Ṣé dókítà eyín yẹn ló dẹ́rù bà ọ́?"

"Rárá o. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Bọ̀dá mí kanlẹ̀. "Ó mà pẹ́ kí o tó sọ ọ́ o, Kékeré."

Àǹtí gbójú sókè. "Ẹ ní kí lẹ wí?"

"Ó ti sú mi. Ó ti pẹ́ tó ti sú mi. Níbi ìgbéyàwó ọmọ mi, ṣé o rántí pé ẹ wá mi títí? Inú mọ́tò ni mo wà. Mo gbé kọ̀ǹpútà lé itan, mò ń tún Ìránṣẹ́ ṣe, wọ́n ń pè mí pé kí n wá súre fún ọmọ. Ìyàwó mi ò tíì dárí ìyẹn jì mí."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ kí ni? Ìwọ ni mo ṣe é fún. Mo máa ń wò ọ́ tó bá pè ọ́ ní Kékeré. Ojú rẹ á tàn bí ìgbà tí a wà ní pálọ̀. Mo ní, ọmọ yìí ò ní bàbá, kò ní ìyá mọ́, nǹkan tó kù fún un nílé yẹn nìyí. Ṣé èmi ni màá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?"

Omi lé ròrò sójú Àǹtí. "Èmi rò pé ẹ̀yin lẹ ò ní lè fara dà á ni. Mo rò pé òun ló ń mú yín jáde nílé."

"Òun ló ń mú mi jáde lóòótọ́," Bọ̀dá ní. "Ẹsẹ̀ mi ni kò fẹ́ jáde."

Ẹ̀rín mú Àǹtí níbi tó ti ń sunkún. Gbogbo ọdún yìí! Olúkúlùkù ń gbé ẹrù tó rò pé ti ẹnì kejì ni, kò sì sẹ́ni tó bèèrè. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó dùn ún pé òun jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mọ́ ọn pé ó ti tán. Òun gan-an ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

"Pe ọmọ gíga yẹn wá," Bọ̀dá ní. "Kó wá fi tiẹ̀ hàn mí."

Agùntáṣọọ́lò wọlé bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dá lẹ́jọ́. Bọ̀dá bi í ní ìbéèrè bí àna tó ń wo ọkọ ọmọ. "Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ ńkọ́?"

"Á sọ ibi tó dé, sà."

"Bí ẹni tó tilẹ̀kùn bá lọ tí kò padà?"

"Ilẹ̀kùn á ṣí fúnra ẹ̀ tó bá yá."

"Àgbà onínúfùfù yẹn ńkọ́, kí ló dé tí o ò mú un?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé kí n mú un ni?"

"Má mú un. Mo ti bá a gbé rí." Bọ̀dá yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ìwọ lọ̀gá. Kí lo wí?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pè é bẹ́ẹ̀ lójú ẹlòmíràn. "Òun la mú," Àǹtí ní. "Ká bẹ̀rẹ̀ báyìí, kí n lè rí nǹkan sọ fún Dókítà láàárọ̀."

Wọ́n ń kó iṣẹ́ inú Ìránṣẹ́ bọ sínú tuntun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àǹtí ń kọ ọ́, Agùntáṣọọ́lò ń dán an wò, Ìyàwó ń ti ilé rẹ̀ gbìyànjú bóyá ilẹ̀kùn náà tì lóòótọ́. Bọ̀dá fi ẹ̀yìn ti àga lẹ́yìn wọn, ó ń túmọ̀ àkísà rẹ̀ fún wọn. Gbogbo ìlà ló ní ìtàn: èyí ni ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ òun da tíì sórí kọ̀ǹpútà, ìyẹn ni ọdún tí oníbàárà kan ní òun ò fẹ́ kí ètò òun ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sunday. Wọ́n rẹ́rìn-ín púpọ̀. Nígbà tó yá, àwọn káfíńtà padà sẹ́nu iṣẹ́, ariwo wọn sì gba inú yàrá kan.

Wọ́n dé ibì kan tí kò yé ẹnikẹ́ni nínú wọn.

"Bọ̀dá, kí ni eléyìí ń ṣe?" Agùntáṣọọ́lò bèèrè.

Àǹtí bojú wẹ̀yìn. Orí Bọ̀dá ti ṣubú sẹ́yìn àga, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ikùn. Oorun ti gbé e lọ, lọ́sàn-án gangan, nínú ariwo òòlù. Láti ìgbà tí Àǹtí ti gbọ́njú, kò rí i kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sùn níwájú kọ̀ǹpútà rí.

"Ṣé kí n jí wọn?" Agùntáṣọọ́lò sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Àǹtí wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí.

"Má jí wọn," ó ní. "Fa àga ẹ sún mọ́ bí. Ẹ jẹ́ ká wò ó fúnra wa."